Ẹ Jẹ́ Kí Wáyà Hàn Nínú Fọ́tò

Ẹni tó bá gbé kámẹ́rà wọ ọgbà ẹranko, wáyà ni yóò kọ́kọ́ bá jà. Kámẹ́rà òde òní yára, orí rẹ̀ sì pé, ṣùgbọ́n ẹ kọjú rẹ̀ sí kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ tó jókòó lẹ́yìn àwọ̀n irin, ẹ ó rí i pé irin ló máa dì mú. Gbogbo ibi tí wáyà ti pàdé ara wọn á mọ́ kedere, ìpẹtà ara rẹ̀ pàápàá á hàn, kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ á wá di nǹkan pupa rúsúrúsú kan lẹ́yìn lọ́hùn-ún.

Àwa tí a ń ya fọ́tò ẹranko ní ọgbọ́n tí a fi ń borí rẹ̀. Ẹ ṣí ojú lẹ́ǹsì dé ibi tó bá lè ṣí dé, f/2.8 tàbí f/4. Ẹ lo lẹ́ǹsì gígùn. Ẹ sún mọ́ wáyà títí ẹnu lẹ́ǹsì yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án, kí ẹ wá ní sùúrù kí ẹranko náà rìn jìnnà sí wáyà. Ẹ wá ibi tí òjìji ti bo irin, torí wáyà tí oòrùn ń ràn sí lára kì í gbà, ńṣe ni yóò máa ta funfun lójú àwòrán. Bí gbogbo rẹ̀ bá bọ́ sí i, wáyà á pòórá. Ẹni tó bá rí fọ́tò náà á rò pé inú igbó lẹ ti bá ẹranko yẹn pàdé.

Mo mọ ọgbọ́n yìí, mo sì fẹ́ràn rẹ̀. Àmọ́ láti ìgbà tí mo ti ń lọ sí ọgbà ẹranko kékeré kan ní Inokashira, ní ìwọ̀-oòrùn Tokyo, ni mo ti ń bi ara mi léèrè bóyá ó yẹ kí wáyà máa pòórá nígbà gbogbo. Mo ti ní èsì tèmi báyìí. Ó gùn díẹ̀, ẹ bá mi fara balẹ̀.

Láti ibùdókọ̀ ojú irin Kichijoji, ìrìn nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni ọgbà náà. Ẹ ó gba àárín ṣọ́ọ̀bù àti ilé oúnjẹ kọjá, igi á bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀, ẹ ti débẹ̀ nìyẹn. Ìjọba Tokyo ló ni ín. Ọdún 1942 ni wọ́n ṣí i, nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì ń lọ lọ́wọ́, ní ẹ̀gbẹ́ ọgbà ìtura Inokashira tí àwọn ará ìlú ti ń gbafẹ́ níbẹ̀ láti 1917. Owó ìwọlé àgbàlagbà jẹ́ 400 yẹ́ǹ. Ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kì í san nǹkan kan. Káàdì ọlọ́dún kan wà tí iye rẹ̀ kò ju owó ìwọlé ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ. Òun ni mò ń lò, torí ilé mi kò jìnnà síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ìgbà ló sì jẹ́ pé wákàtí kan péré ni mo ní kí n tó lọ ibi iṣẹ́.

Ẹ má wá kìnnìún débẹ̀ o. Kò sí ẹkùn, kò sí àgùnfọn. Ẹni tó bá fẹ́ ẹranko ńláńlá, Ueno ni kó lọ, ọgbà tí wọ́n ṣí ní 1882 tí gbogbo ayé ń wọ́ lọ síbẹ̀. Ẹranko ilẹ̀ Japan fúnra rẹ̀ ni Inokashira fi ń yangàn: tanuki, kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀, anaguma tó ń fi èékánná gbẹ́lẹ̀, àgbọ̀nrín kékeré láti erékùṣù Yakushima, àti ẹyẹ omi lóríṣiríṣi. Nígbà tí àwọn ará ilé bá bi mí lórí fóònù pé kí ni mo rí, tí mo sì dárúkọ ìwọ̀nyí, mo máa ń gbọ́ ọ nínú ohùn wọn pé kìnnìún ni wọ́n ń retí. N kò dá wọn lẹ́bi. Ìbàdàn ni mo dàgbà sí, wọ́n mú wa láti ilé ìwé lọ sí ọgbà ẹranko yunifásítì, mo sì mọ bí ara ọmọdé ṣe máa ń rí tó bá gbóhùn kìnnìún. Ṣùgbọ́n ọ̀kẹ́rẹ́, ọ̀yà àti ẹtà tó wà nínú igbó ẹ̀yìn ilé wa, ta ló mú wa lọ wò wọ́n? Ìdí tí mo fi fẹ́ràn ọgbà kékeré yìí nìyẹn: ó ń fi aládùúgbò ẹni han ẹni.

Tanuki ni mo máa ń kọ́kọ́ lọ kí. Ìdílé ajá ló ti wá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé irun dúdú yí ojú rẹ̀ ká, ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrú, irun ara rẹ̀ sì máa ń ki nígbà òtútù débi pé ó máa ń tóbi ju ara rẹ̀ lọ. Nínú ìtàn àtijọ́ ilẹ̀ Japan, alárékérekè ni, ó máa ń para dà láti tan èèyàn jẹ; ipò tí ìjàpá wà nínú àlọ́ wa ló fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ tirẹ̀. Ère rẹ̀ tí wọ́n ń fi amọ̀ mọ ní Shigaraki, pẹ̀lú akẹtẹ̀ lórí àti ìgò ọtí lọ́wọ́, wà lẹ́nu ọ̀nà ilé oúnjẹ káàkiri orílẹ̀-èdè náà. Tanuki gidi sì ń gbé inú Tokyo títí dòní. Inú gọ́tà ló ń sùn, àti lábẹ́ igi ẹ̀yìnkùlé, tó bá di alẹ́ ó ń jáde wá oúnjẹ. Ẹni tí wọ́n bí sí Tokyo lè dàgbà kó darúgbó láì fojú kàn án. Ní Inokashira, ó jókòó sí iwájú yín, ó ń yán.

Fọ́tò rẹ̀ kò rọrùn. Àwọ̀ ilẹ̀ ni àwọ̀ rẹ̀, ẹyinjú rẹ̀ sì wà láàárín irun dúdú, nítorí náà bí ìmọ́lẹ̀ kò bá tàn sínú ojú náà, òkú ẹranko ni yóò jọ nínú àwòrán. Ọjọ́ tí ìkùukùu bo oòrùn ló dára jù. Ìmọ́lẹ̀ ọjọ́ bẹ́ẹ̀ rọ̀, ó ń wọ abẹ́ ìpéǹpéjú. Mo máa ń kúnlẹ̀ kí lẹ́ǹsì lè bá ojú rẹ̀ dọ́gba, torí ẹni tó bá dúró gbọnrangandan ya ẹranko kékeré, àtàrí ni yóò yà bọ̀. Níbi tí mo ti ń kúnlẹ̀ dúró de ìmọ́lẹ̀ yìí ni mo ti ṣàkíyèsí pé ojú kan náà ni gbogbo wọn ti ń ṣu. Olùtọ́jú kan tó ń gbá ilé wọn sọ fún mi pé bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń ṣe nínú igbó. Ibi ìgbẹ́ kan ni ọ̀pọ̀ wọn jọ ń lò, òórùn ibẹ̀ sì ni wọ́n fi ń mọ ẹni tó wà nítòsí. Tó bá jẹ́ pé mo ya fọ́tò kan tí mo bá tèmi lọ ni, n kò bá má mọ ìyẹn láé.

Ní àárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́, àwọn bàbá àti ìyá tó ti fẹ̀yìn tì ló máa ń pọ̀ níbẹ̀. Lẹ́ǹsì ọwọ́ àwọn mìíràn gùn ju apá mi lọ. Wọn kì í pariwo. Wọ́n á tẹrí ba kí ara wọn, ẹni tó bá ti ya tirẹ̀ tán á sún fún ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kì í lu wáyà kí ẹranko lè kọjú sí i, ẹnikẹ́ni kì í sì fi iná kámẹ́rà bù yẹ̀rì sójú ẹranko. Bàbá kan wà tí mo máa ń bá pàdé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀. Ìwé kékeré kan kì í kúrò lápò wọn. Ọjọ́, ojú ọjọ́, orúkọ ẹranko, ohun tó ń ṣe: gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń kọ síbẹ̀ kí wọ́n tó lọ sí ilé tó kàn. Orúkọ gbogbo kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ibẹ̀ wà lórí wọn, wọ́n sì fi ojú dá ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ̀, èyí tí èmi kò tíì lè ṣe.

Ibì kan wà nínú ọgbà náà tí wáyà kò ti dí kámẹ́rà lọ́wọ́, ìyẹn ilé ọ̀kẹ́rẹ́. Ilẹ̀kùn méjì ló ní. Ẹ ó ti àkọ́kọ́ kí ẹ tó ṣí èkejì, ẹ ó sì bá ara yín nínú àgò ńlá kan tí igi àti koríko kún inú rẹ̀, tí àwọn ọ̀kẹ́rẹ́ ilẹ̀ Japan ń sáré gba iwájú ẹsẹ̀ yín kọjá. Wọ́n kìlọ̀ pé kí a má fọwọ́ kàn wọ́n, kí a sì máa wolẹ̀ ká tó gbẹ́sẹ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ̀gbẹ́ wọn máa ń pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Nígbà òtútù, irun wọn á di aláwọ̀ eérú, òmíràn á sì hù ṣóṣóró sórí etí wọn. Ikùn wọn funfun lọ́jọ́ gbogbo. Èso walnut ni wọ́n fẹ́ràn, èyí tí èèpo rẹ̀ le débi pé òkúta ni èmi máa fi fọ́ ọ. Ọ̀kẹ́rẹ́ á fi eyín rin ojú ibi tí èèpo náà ti so pọ̀, á máa yí i, á máa rin ín, títí yóò fi là sí méjì dọ́gbadọ́gba. Ìró eyín yẹn ni mo fi ń mọ ibi tí wọ́n wà kí n tó rí wọn. Èyí tí wọn kò bá jẹ tán, wọ́n á gbẹ́ ilẹ̀, wọ́n á rì í mọ́lẹ̀, wọ́n á fi ọwọ́ méjèèjì tẹ erùpẹ̀ lé e lórí bí ẹni ń gbin àgbàdo.

Ọ̀kẹ́rẹ́ gorí ìrókò, ojú ọdẹ dá. Ojú ayafọ́tò náà máa ń dá. Kò sí ẹni tó lè fi lẹ́ǹsì lé ọ̀kẹ́rẹ́ bá. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ ni kí ẹ mọ ẹ̀ka tí wọ́n máa ń gbà bọ̀ nídìí oúnjẹ, kí ẹ dojú lẹ́ǹsì kọ ibẹ̀, kí ẹ jẹ́ kí kámẹ́rà yára tó ìdá 1/500 ìṣẹ́jú àáyá, kí ẹ sì dúró. Àwọn ọmọdé ló mọ ìdúró yìí jù. Mo ti rí ọmọ kékeré kan tó dúró síbẹ̀ láì mira, tí ọ̀kẹ́rẹ́ sì gba orí bàtà rẹ̀ kọjá, tí kò pariwo títí ó fi jáde síta tó wá bú sẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹ̀yìn ọ̀kẹ́rẹ́ inú àwọn fọ́tò wọ̀nyí dáadáa, wáyà ṣì wà níbẹ̀. Ó wà lókè, ó wà lẹ́yìn igi. Àwa la bá wọn wọ inú rẹ̀.

Òkè àwọn ọ̀bọ kò dá mi dúró pẹ́. Kòtò jíjìn ló yí i ká dípò wáyà, òkè lèèyàn sì ti ń wò wọ́n, èyí tí kò bá ojú mi mu. Ìgbà tí wọ́n bá bímọ tuntun ni mo máa ń lọ, torí ìyá ọ̀bọ tó ń tú irun orí ọmọ rẹ̀ kì í sú èèyàn í wò.

Apá omi ni ẹ má ṣe fò. Ẹ ó jáde kúrò ní apá àkọ́kọ́ ọgbà náà, ẹ ó rìn lọ sí etí adágún Inokashira tí odò Kanda ti ń ṣàn wá. Tíkẹ́ẹ̀tì kan náà lẹ máa fi wọlé. Ilé ẹja omi tútù kan wà níbẹ̀, kò tóbi, iná inú rẹ̀ kò mọ́lẹ̀ púpọ̀. Ẹyẹ kékeré kan tí wọ́n ń pè ní kaitsuburi ń gbé lẹ́yìn gíláàsì, èèyàn sì lè wò ó lábẹ́ omi bó ṣe ń fi ẹsẹ̀ tu ara rẹ̀ lé ẹja. Aláǹtakùn omi náà wà. Ó ń gbé afẹ́fẹ́ mọ́ ikùn láti òkè, ó ń kó o jọ sínú àwọ̀n tó ta sábẹ́ omi, inú afẹ́fẹ́ yẹn ló ń gbé. Gíláàsì ní wàhálà tirẹ̀: òjìji ẹni tó ń ya fọ́tò máa ń hàn lójú rẹ̀. Aṣọ dúdú ló dára láti wọ̀, kí ẹnu lẹ́ǹsì sì lẹ̀ mọ́ gíláàsì.

Adágún náà fúnra rẹ̀ ti dọ̀tí rí tí ẹnikẹ́ni kò fi lè rí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Láti ìgbà òtútù 2013 sí 2014 títí dé 2018, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni wọ́n gbọ́n omi rẹ̀ gbẹ, tí àwọn ará àdúgbò wọ bàtà rọ́bà sọ̀ kalẹ̀ sínú ẹrẹ̀ láti kó ẹja àjòjì tó ń jẹ ẹja ìbílẹ̀ run. Wọ́n bá àìmọye kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ti jù sómi níbẹ̀. Nígbà tí ìmọ́lẹ̀ wá dé ìsàlẹ̀, ewé omi kan tí wọ́n kọ́kọ́ rí nínú adágún yẹn ní 1957, tí wọ́n ti gbà pé ó ti tán níbẹ̀, tún hù ní 2016. Irúgbìn rẹ̀ ti wà nínú ẹrẹ̀ láti bí ọgọ́ta ọdún. Inú mi máa ń dùn sí ìtàn yìí ju bí mo ṣe lè ṣàlàyé lọ.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ wáyà.

Ológbò igbó Tsushima ló kọ́kọ́ yí èrò mi padà. Ó tó ológbò ilé, àmọ́ ìrù rẹ̀ ki, àmì tóótòòtó wà lára rẹ̀, àmì funfun kan sì wà lẹ́yìn etí rẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ní gbogbo Japan, erékùṣù Tsushima tó wà lójú òkun lápá ibi tí Kòríà wà ni ó ń gbé nínú igbó, iye tó kù níbẹ̀ kò sì ju nǹkan bí 100 lọ. Ọkọ̀ ń pa wọ́n lójú títì, ilẹ̀ tí wọ́n ti ń ṣọdẹ eku ń dín kù. Láti 1994 ni òfin ìjọba ti ń dáàbò bò wọ́n gẹ́gẹ́ bí ẹranko tó fẹ́ parun. Ọgbà ẹranko ìlú Fukuoka ló kọ́kọ́ ń sìn wọ́n kí wọ́n lè bímọ, ọdún 2000 sì ni wọ́n bí àkọ́kọ́ sínú ọgbà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n pín wọn káàkiri ọgbà mìíràn, torí bí gbogbo wọn bá wà lójú kan tí àrùn sì wọlé, iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún á bàjẹ́ lọ́jọ́ kan. Inokashira wà lára àwọn ọgbà tó gbà wọ́n.

Mo ní fọ́tò rẹ̀ kan tí wáyà ti pòórá pátápátá. Ewé wà lẹ́yìn rẹ̀, ojú rẹ̀ mọ́, irun ẹnu rẹ̀ ṣeé kà. Ẹni tó bá rí i á ní mo ti lọ sí Tsushima. Ṣùgbọ́n ẹranko yẹn kò sí ní Tsushima. Èèyàn ló ń gbé oúnjẹ fún un, dókítà ẹranko ló ń yẹ̀ ẹ́ wò, wáyà yẹn sì wà lára ohun tí kò jẹ́ kí ìran rẹ̀ run. Tí mo bá yọ wáyà kúrò, mo ti yọ ìtàn rẹ̀ kúrò. Mo bá ya òmíràn: mo sún sẹ́yìn, mo jẹ́ kí irin kọjá lójú fọ́tò lápá kan, kí etí rẹ̀ pẹ̀lú àmì funfun wà láàárín ihò àwọ̀n. Òun ni mo tẹ̀ jáde tí mo gbé kọ́ sára ògiri. Àwọn ọ̀rẹ́ mi sọ pé èyí àkọ́kọ́ rẹwà jù. Òótọ́ ni wọ́n sọ.

Hanako, erin kan tó gbé ní Inokashira, ló wá fi èdìdì dì í fún mi, bẹ́ẹ̀ sì rèé, n kò bá a láyé. Ìtàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó bí i. Ní 1943, gómìnà Tokyo pàṣẹ pé kí wọ́n pa àwọn ẹranko ńlá inú ọgbà Ueno, kí wọ́n má bàa já síta bí bọ́ǹbù bá bọ́ lu ilé wọn. Erin mẹ́ta tó wà níbẹ̀ kọ̀ láti jẹ oúnjẹ tí wọ́n fi májèlé sí. Ebi ni wọ́n fi pa wọ́n. Hanako ni wọ́n ń pe ọ̀kan nínú wọn. Nígbà tí ogun parí, kò sí erin ní Tokyo mọ́. Ní Nagoya nìkan ni méjì ṣẹ́kù, ọkọ̀ ojú irin sì ń kó àwọn ọmọdé lọ síbẹ̀ kí wọ́n lè fojú rí erin. Ní 1949, Nehru, olórí ìjọba Íńdíà, fi erin kan ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ Tokyo. Ọdún kan náà ni erin kékeré kan dé láti Táílàǹdì, ọmọ ọdún méjì, wọ́n sì sọ ọ́ ní Hanako, orúkọ èyí tó kú. Ilé tí wọ́n ti ń sọ ọmọ ní Yétúndé kò ní béèrè ìdí.

Ní 1954 ni wọ́n mú un wá sí Inokashira. Ní 1956, ọkùnrin kan tó ti mutí wọ inú ilé rẹ̀ lóru, Hanako tẹ̀ ẹ́ pa. Ní 1960, ó pa olùtọ́jú rẹ̀ kan. Wọ́n bá so ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ ṣẹ́ẹ̀nì, ó sì rù débi pé egungun ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ń hàn. Olùtọ́jú tuntun tó dé lọ́dún yẹn, Yamakawa Seizo, bọ́ ṣẹ́ẹ̀nì náà kúrò. Ó ń sún mọ́ ọn díẹ̀díẹ̀, ó ń bá a sọ̀rọ̀, ó ń fọwọ́ ara rẹ̀ fún un lóúnjẹ, ó sì gba ọ̀pọ̀ ọdún kí ara erin náà tó padà bọ̀ sípò. Ọgbọ̀n ọdún ni Yamakawa fi tọ́jú rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin náà di olùtọ́jú ẹranko. Nígbà tí Hanako darúgbó tí eyín rẹ̀ ń tán, àwọn olùtọ́jú ń gé ọ̀gẹ̀dẹ̀, búrẹ́dì àti èso ápù sí wẹ́wẹ́ fún un kó lè gbé e mì. Ìfẹ́ wà níbẹ̀, ẹnikẹ́ni kò lè sẹ́ ẹ.

Ṣùgbọ́n láti 1954 títí tó fi kú, kò tún gbé pọ̀ pẹ̀lú erin mìíràn. Abo erin, agbo ni wọ́n ń gbé láyé wọn: ìyá, ẹ̀gbọ́n, àbúrò, ọmọ. Orí kọnkéré ni òun nìkan ń dúró sí. Ní 2015, àlejò obìnrin kan láti Kánádà kọ̀wé sórí íntánẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú fọ́tò erin àgbà náà lórí kọnkéré yẹn, ọ̀rọ̀ náà sì jà káàkiri ayé. Ọ̀pọ̀ èèyàn fọwọ́ sí ìwé ẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n dá a padà sí Táílàǹdì. Ọgbà náà dáhùn pé ó ti dàgbà jù fún ìrìnàjò bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dun àwọn ará Kichijoji, torí ẹbí ni wọ́n ka Hanako sí, tí àjèjì kan wá ń sọ pé ìyà ló ń jẹ ẹbí wọn. Mo ti bá àgbà kan nínú wọn sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀, mo rí omi lójú wọn. Mo gbà pé wọ́n fẹ́ràn rẹ̀. Mo tún gbà pé fọ́tò yẹn kò parọ́. Àjànàkú kọjá mo rí nǹkan fìrí. Bí a bá rí erin, ká sọ pé a rí erin, ká sì sọ orí ohun tó dúró sí.

Ọjọ́ 26 oṣù karùn-ún ọdún 2016 ni Hanako kú, ẹni ọdún 69. Ó dùbúlẹ̀ láàárọ̀, kò lè dìde mọ́. Ọgbà náà kò mú erin mìíràn wá láti ìgbà náà, ohun tó tọ́ sì nìyẹn lójú tèmi. Èmi kò sí lára àwọn tó ní kí wọ́n ti gbogbo ọgbà ẹranko pa. Tanuki àti ológbò Tsushima kò ní jẹ́ kí n sọ bẹ́ẹ̀. Erin ni kò yẹ ibi tó há tó bẹ́ẹ̀.

Ní 2017, wọ́n ṣí ère idẹ rẹ̀ sí iwájú ibùdókọ̀ Kichijoji, ibẹ̀ sì làwọn èèyàn ti ń dúró de ara wọn báyìí. Ère tó dára ni. Ṣùgbọ́n kò sí kọnkéré ilé rẹ̀ níbẹ̀, kò sí irin. Ọdún kan náà ni wọ́n kó fọ́tò tí àwọn ará ìlú ti yà lọ́dọ̀ rẹ̀ láti bí ọgọ́ta ọdún jọ sínú ìwé kan, fọ́tò ìdílé lásán: ọmọdé wà níwájú, erin wà lẹ́yìn. Ìyá kan tó ń ta búrẹ́dì ní àdúgbò wa fi tiwọn hàn mí. Wọn ò tíì tó ọmọ ọdún márùn-ún nínú rẹ̀, wọ́n wọ fìlà funfun, bàbá wọn ló yà á. Bàbá yẹn kò ní lẹ́ǹsì gígùn, kò sì gbìyànjú láti fi ohunkóhun pamọ́. Irin wà níbẹ̀, kòtò wà níbẹ̀, kọnkéré wà níbẹ̀, Hanako na ọwọ́jà rẹ̀ sókè, ọmọ náà ń rẹ́rìn-ín. Nínú fọ́tò kan ṣoṣo yẹn, mo rí ìfẹ́ tí àwọn ará ìlú ń sọ, mo sì rí ohun tí obìnrin ará Kánádà rí. Tó bá jẹ́ pé bàbá náà mọ ọgbọ́n tí èmi mọ̀, tó ṣí ojú lẹ́ǹsì tó mú kí gbogbo irin pòórá, èmi tí mo dé lẹ́yìn ikú erin náà kò bá ti mọ bó ṣe gbé.

Ohun tí mo ní láti sọ fún ẹ̀yin tí ẹ ń ya fọ́tò ẹranko nìyí. Bí ẹ bá ń lọ sí Inokashira, ẹ lọ láàárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́. Aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ ni wọ́n ń ṣílẹ̀kùn, ẹranko sì máa ń rìn dáadáa ní wákàtí àkọ́kọ́. Ẹ pa iná kámẹ́rà. Ẹ kúnlẹ̀. Ẹ ya èyí tí wáyà ti pòórá, torí ó dùn ún wò, ẹranko náà sì yẹ kó ní fọ́tò tó rẹwà. Lẹ́yìn náà, ẹ sún sẹ́yìn ìgbésẹ̀ méjì, kí wáyà, ilẹ̀, abọ́ omi àti ìlẹ̀kùn olùtọ́jú wọ inú fọ́tò, kí ẹ tún ya òmíràn. Kí ẹ kọ orúkọ ẹranko, orúkọ ọgbà àti ọjọ́ tí ẹ yà á sí i, kí ẹ sì tọ́jú fọ́tò méjèèjì pọ̀.